Ojú Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Káàdì Akeem àti Kálàmù Hakeem

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá sì ti sọ ọmọ lórúkọ tán, ibikíbi tí ó bá ń lọ ni orúkọ náà ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó sábà máa ń kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀: akọ̀wé ilé-ìwé, akọ̀wé ibodè, tàbí òǹtẹ̀wé tí kò mọ ilé, tí kò mọ ọ̀nà. Bí wọ́n bá ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ohun tí ó ṣe orúkọ ọmọ Èkó kan nìyẹn, lórí páálí pélébé kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn. Títí di òní, àwọn ènìyàn ń rin ìrìn àjò nítorí páálí náà, kí ẹni tí ó ni orúkọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí i.

Káàdì eléré ìdárayá ti pẹ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti àwọn ọdún 1880 ni àwọn oníṣòwò sìgá ti ń ki àwòrán àwọn eléré bọ inú páálí sìgá. Káàdì náà kì í jẹ́ kí páálí tẹ̀, ó sì ń mú kí oníbàárà padà wá rà sí i. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ń ṣe ṣíńgọ́ọ̀mù gba iṣẹ́ náà, ó sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọdé. Ọmọdé a ra ṣíńgọ́ọ̀mù, a jẹ ẹ́, a tu ú nù, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ju káàdì nù. Inú páálí bàtà ni yóò tò ó sí. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa fi ṣe pàṣípààrọ̀ bí ẹni pé ọjọ́ ọjà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi ń ta sìgá àti ṣíńgọ́ọ̀mù ṣe di ohun tí àwọn àgbàlagbà ń fi kọ́kọ́rọ́ tì mọ́ inú àpótí.

Ní ọdún 1986, ilé iṣẹ́ Fleer tẹ káàdì 132 jáde fún bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí a ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n. Láti sáà 1981 sí 1982 ni ilé iṣẹ́ Topps ti dáwọ́ irú káàdì bẹ́ẹ̀ dúró. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tuntun ni ó jọ bọ́ sínú ẹyọ ìtẹ̀jáde kan náà. Bí álífábẹ́ẹ̀tì orúkọ ìdílé ni wọ́n ṣe tò wọ́n. Kareem Abdul-Jabbar ni nọ́ńbà 1, Michael Jordan ni nọ́ńbà 57, ọmọ Èkó tí à ń wí yìí sì ni nọ́ńbà 82. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Star ti tẹ àwòrán rẹ̀ ṣáájú, síbẹ̀ ti Fleer yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn olùkójọ kà sí káàdì àkọ́kọ́ rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí i ni Akeem Olajuwon.

Ọdún 1963 ni a bí Ọlájùwọ́n ní Èkó. Sìmẹ́ǹtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Gólì ni ó ń ṣọ́ nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì tún ń gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá. Ó ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní 1980, ó gbéra lọ sí Yunifásítì Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ ní 1984, òun ni Houston Rockets kọ́kọ́ mú ṣáájú gbogbo wọn. Ẹnì kẹta ni Michael Jordan. Ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ ní 1994, ó tún gbà á ní 1995. Ó di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1993, ó sì bá wọn gba wúrà ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996. Ìgbà 3,830 ni ó fi ọwọ́ lé bọ́ọ̀lù alátakò padà kí ó tó wọ àwọ̀n. Láti ìgbà tí NBA ti ń ka irú rẹ̀, kò tí ì sí ẹni tí ó kọjá iye náà.

Ṣùgbọ́n Hakeem ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ Lárúbáwá ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọlọ́gbọ́n. Ẹnu púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá a máa gbé H ìbẹ̀rẹ̀ náà mì, kò sì sí ẹni tí ó ń bá ẹnu jà ní ilé. Ìwé ni kì í gbàgbé. Akeem ni àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ń kọ, òun ni àwọn èrò ń hó, òun ni Fleer tẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1991, ó kéde pé Hakeem ni kí wọ́n máa kọ. Kì í ṣe pé ó pa orúkọ dà. Ńṣe ni ó mú orúkọ padà sí ipò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo káàdì Fleer ti 1986 ti ń ru orúkọ tí ẹni tí ó ni ín ti tún ṣe. Ilé iṣẹ́ kò lè dá wọn padà sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí a óò bá rí H lórí irú káàdì bẹ́ẹ̀, láti inú kálàmù ni yóò ti wá.

Ká mú un pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Houston, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Bàbá rẹ̀ ni ó ra káàdì náà nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tálákà, ní ọdún tí owó oúnjẹ gan-an ń fò ó ru. Ó fi í sáàárín ewé ìwé, ó kó lọ kó bọ̀ láti yàrá kan sí òmíràn, kò sọ ọ́ nù. Nígbà tí ọmọ náà gba ìwé ẹ̀rí girama, bàbá fà á lé e lọ́wọ́. Ọmọ yìí mọ ohun tí ó wà nínú orúkọ. Láti kékeré ni àwọn olùkọ́ ti ń dúró kí wọ́n tó pe tirẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó pè é tán.

Ìròyìn wá kàn pé Ọlájùwọ́n yóò jókòó ní ọjà àwọn olùkójọ, yóò sì máa buwọ́ lu káàdì. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà ka owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó tó o. Ibi tí ìyọnu wà kì í ṣe owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa yẹ káàdì wò, kí wọ́n sì fún un ní máàkì láti 1 dé 10. Wọn a wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn a wo etí rẹ̀ bóyá ó ti hó, wọn a wo bóyá àwòrán wà ní àárín gbùngbùn. Fún wọn, àmì bírò lórí káàdì jẹ́ àbàwọ́n, àfi bí ó bá jẹ́ ìbuwọ́lù eléré náà tí ẹ̀rí sì wà fún un. Káàdì tí ó mọ́ tónítóní lè pa owó ńlá. Bí yíǹkì bá sì ti kan án, kò sí ọṣẹ tí ó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Nítorí náà ni oníṣòwò kan ṣe gbà á níyànjú pé kí ó fi káàdì bàbá rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, kí ó lọ ra ìbuwọ́lù Ọlájùwọ́n lórí àwòrán mìíràn. Ó ní wọ́n pọ̀ lórí àtẹ.

Lóòótọ́ ni wọ́n pọ̀ lórí àtẹ, ṣùgbọ́n ta ni ó kọ wọ́n? Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ọlọ́pàá FBI ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní Operation Bullpen. Wọ́n rí i pé àwọn ọ̀daràn jókòó sínú ilé, wọ́n ń kọ orúkọ àwọn òkú àti alààyè olókìkí sí ara bọ́ọ̀lù, sí ara àwòrán, wọ́n sì ń tẹ ìwé ẹ̀rí èké mọ́ ọn. Ẹni tí ó rà á yóò gbé e kọ́ sí ara ògiri, yóò máa fi han àlejò, kò ní mọ̀ pé orúkọ olè ni òun ń yìn. Láti dènà irú èyí, àwọn ilé iṣẹ́ kan ń rán ẹlẹ́rìí lọ jókòó ti òṣèré bí ó ti ń kọ orúkọ, kí wọ́n sì lẹ èdìdì tí ó ní nọ́ńbà mọ́ ohun tí ó kọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹlẹ́rìí tí ó dára jù lọ fún ìbuwọ́lù ni ẹni tí ó dúró níwájú ọwọ́ náà.

Ọmọ náà gbé ọ̀rọ̀ lọ bá bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ pa á mọ́ láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní bí wọ́n bá kọ nǹkan sí i, owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i?”

“Ọmọ mi, ṣé títà ni o fẹ́ tà á ni?”

“Rárá o, Bàbá.”

“Èwo wá ni ti owó? Èmi kò rà á pé kí n fi là. Ìgbà tí mo dé ìlú yìí, kò sí ẹni tí ó lè pe orúkọ mi. Ọjọ́ tí mo rí orúkọ Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ sí ara káàdì tí ọmọ òyìnbó ń fi owó rà, ọkàn mi balẹ̀. Máa lọ. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọn dáadáa.”

Ní ọjọ́ náà, ìlà gùn. Àgbàlagbà wà níbẹ̀ tí ó di bọ́ọ̀lù mú bí ọmọ tuntun, ọmọdé wà ní èjìká bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ kí òróró má baà kan káàdì. Ó yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀ kí ó tó kàn án, nítorí orí káàdì ni a ń kọ̀wé sí, kì í ṣe orí ọ̀rá. Ó ti dán kálàmù aláwọ̀ búlúù wò lórí bébà mìíràn, kí yíǹkì má baà dà. Ohun kan ṣoṣo ni kò rí dánwò: bí òun yóò ṣe kí wọn. Bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ ni àṣà ibẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ ni àṣà ilé. Àyè kò sì sí láàárín tábìlì àti àwọn èrò tí ń ti ara wọn. Ó kàn án. Ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán, sà.” Ọkùnrin gìrìwò náà gbójú sókè, ó wò ó, ó sì fa káàdì mọ́ra.

Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Òpó H méjì ni ó kọ́kọ́ dúró, igi ìdábùú sì so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyókù orúkọ tẹ̀ lé e bí omi odò. Akeem tí ẹ̀rọ tẹ̀ wà níbẹ̀, kò kúrò. Hakeem tí ọwọ́ kọ wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ènìyàn bá rí méjèèjì pa pọ̀, ó ti rí bí ayé ṣe pe ọmọ Èkó nígbà tí ó kọ́kọ́ dé, àti bí ọmọ Èkó ṣe dá ayé lóhùn.

Àwọn tí ń díye lé káàdì yóò máa jiyàn títí bóyá irú káàdì bẹ́ẹ̀ wọ́n sí i ni tàbí ó dín lówó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn. Iṣẹ́ wọn ni. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ìbuwọ́lù ojúkojú ń fún ènìyàn kò sí lórí àtẹ, nítorí kì í ṣe yíǹkì. Ẹ̀rí ni pé ọwọ́ tí a ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ jẹ́ ọwọ́ ènìyàn ẹlẹ́ran-ara, ó dúró fún ìṣẹ́jú kan nítorí tẹni, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ bí ó ti yẹ kí a kọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí yóò bá di ìwé ìpè-orúkọ mú níwájú kíláàsì. Ṣáájú kí ẹ̀rọ kankan tó tẹ orúkọ ọmọ, kálàmù olùkọ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kọ ọ́ síta. Bí olùkọ́ bá sọ àmì ohùn nù, bí ó bá gbé lẹ́tà kan mì nítorí pé ó ń kánjú, ọmọ náà lè rù ú fún ọgbọ̀n ọdún kí ó tó rí àyè tún un ṣe. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò ga tó Ọlájùwọ́n, tí gbogbo ayé yóò dákẹ́ láti gbọ́ nígbà tí ó bá ní, “Báyìí ni kí ẹ máa kọ mí.” Nítorí náà, kí olùkọ́ bi ọmọ léèrè, kí ó tẹ́tí sílẹ̀, kí ó tó kọ ọ́.