Orílẹ̀-èdè Tí Kò Pọ̀ Tó Ìjọba Ìbílẹ̀ Wa

Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní Nàìjíríà lọ́dún 2006, èèyàn 526,565 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Cape Verde ka tiwọn lọ́dún 2021, gbogbo wọn pátá kò pé 500,000. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Odidi orílẹ̀-èdè tó ní ààrẹ, tó ní àsíá, tí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ yege fún Ife Àgbáyé 2026 tí tiwa kò yege fún (ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ó ń dùn yín), àwọn èèyàn rẹ̀ kò pọ̀ tó àwa tí à ń gbé láàárín Sàǹgó, Ìyànà-Ìyẹ̀sí, Àtàn, Agbára àti Adó-Odò. Iye ti 2006 ni mo sì ń sọ o. Ẹni tó bá ti dúró ní Tóò-géètì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mọ̀ pé a ti kún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò dédé lọ wá Cape Verde rí. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń fi ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè kan wé ti òmíràn ló kọ orúkọ orílẹ̀-èdè sínú bébà, ó ká wọn, ó ní kí kálukú mú ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi mú Finland, inú rẹ̀ dùn, nítorí gbogbo ayé ló ti kọ̀wé nípa Finland. Ẹlòmíràn mú Japan. Èmi mú Cape Verde, kíláàsì sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Erékùṣù mẹ́wàá ni, nínú òkun Àtìláńtíìkì, níwájú Senegal. Mẹ́sàn-án ni èèyàn ń gbé. Praia, tó wà ní erékùṣù Santiago, ni olú-ìlú. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, wọn kò sì ní epo rọ̀bì. Láàárín ọdún 1940 sí 1949 ìyàn mú níbẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kú. Àwọn Potogí ló ń ṣàkóso wọn títí di ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1975. Láyé ìjọba Potogí, ilé-ẹ̀kọ́ gíga díẹ̀ wà fún àwọn díẹ̀: wọ́n dá sẹ́mínárì kan sílẹ̀ ní erékùṣù São Nicolau lọ́dún 1866, wọ́n sì dá ilé-ẹ̀kọ́ girama kan sílẹ̀ ní ìlú Mindelo lọ́dún 1917. Mindelo yìí ni Amílcar Cabral ti lọ sí girama kó tó di ẹni tó ń bá Potogí jà. Nígbà tí òmìnira dé, àwọn tí kò mọ̀wé lé ní ìdajì. Lónìí, nínú àgbàlagbà mẹ́wàá níbẹ̀, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló lè kàwé.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ẹni kan ló ni ín. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo ló ń bójú tó ẹ̀kọ́, Praia ló wà, òun ló ń gba olùkọ́, òun ló ń san owó oṣù wọn, òun ló ń pín wọn sí erékùṣù. Ó wá ní ọ́fíìsì ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, méjìlélógún ni wọ́n. Ọdún mẹ́jọ ni ẹ̀kọ́ tó jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ, lẹ́yìn náà ni girama láti kíláàsì kẹsàn-án dé ìkejìlá. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n mú owó ilé-ìwé kúrò nínú girama náà, títí tó fi di nǹkan bí ọdún 2020. Lórí òkè, níbi tí ọmọ kò ti pọ̀, kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tì pa. Olùkọ́ kan á kó kíláàsì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú yàrá kan, á sì máa kọ́ wọn. Ilé-ìwé aládàáni kéré, pàápàá ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ apẹja àti ọmọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì lè jókòó lórí àga kan náà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo pẹ́ sí jù nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ náà. Lọ́dún 1979 ni àjọ oúnjẹ ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ iléèwé níbẹ̀ lóúnjẹ gbígbóná. Lọ́dún 2010, àjọ náà kó ẹrù rẹ̀, ìjọba Cape Verde sì gba ṣíbí lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ ń jẹun lọ. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí mo ti wá, bí àwọn tó wá ràn wá lọ́wọ́ bá ti lọ, pátákó tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí nìkan ló máa ń kù lẹ́bàá ọ̀nà.

Tiwa ńkọ́? Ẹ lọ síwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Sàǹgó, kí ẹ béèrè pé ta ló ni ín. Òfin ọdún 2004 tó gbé ètò UBE ró sọ pé ọdún mẹ́sàn-án ẹ̀kọ́ jẹ́ dandan, ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́: mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré. Ìjọba àpapọ̀ ń ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún un ní Àbújá, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá owó tirẹ̀ kí ó tó rí ti kíkọ́lé gbà níbẹ̀. SUBEB wà ní Abẹ́òkúta. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ wà ní Ọ̀tà. Bí ọmọ bá ti kúrò ní JSS3, owó UBE kò kàn án mọ́, ìpínlẹ̀ ló kù tó ni ín. Ó dà bí ewúrẹ́ tí gbogbo agbo ilé jọ ni: kálukú ń rò pé ẹlòmíràn ti fún un ní èèpo iṣu.

Ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí kì í ṣe pé a kò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tí Awólọ́wọ̀ ń ṣàkóso tí Awókọ́yà sì jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ọmọ tó lé ní 800,000 ló wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, ìyá ìyá mi sì wà lára wọn, ní Ìfọ̀. Cape Verde ṣì ní ogún ọdún láti lò lábẹ́ Potogí nígbà náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, Ọbásanjọ́ tó jẹ́ olórí ìjọba ológun ṣí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, Ọbásanjọ́ kan náà, tó ti di ààrẹ, lọ ṣí UBE ní Sókótó. Ọkùnrin tí oko rẹ̀ wà ní Ọ̀tà níbí ló ṣí i lẹ́ẹ̀mejì. Bí èèyàn bá ní láti ṣí ilẹ̀kùn kan lẹ́ẹ̀mejì, ó yẹ ká béèrè ẹni tó tì í láàárín.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wọlé wá rèé. Bàbá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá ní ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Káṣúà ni ilé-iṣẹ́ náà fi gbà wọ́n, káṣúà náà ni wọ́n wà títí tó fi ní kí wọ́n máa lọ lọ́dún tó kọjá. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé aládàáni kan ní àdúgbò wa, ₦55,000 ni à ń san ní sáà kan, girama wọn sì gbówó lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá ní kó lọ sí ti ìjọba. Màmá bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó ju ẹkún lọ ni.

“Ilé-ìwé ìjọba kẹ̀? Ibi tí àwọn ọmọ ti ń ru àga láti ilé?”

“Ibẹ̀ náà ni èmi àti ìwọ ti jáde.”

“Bàbá wọn, ti ìgbà yẹn kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́.”

Àwọn méjèèjì wá kọjú sí mi, nítorí èmi ni mò ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di olùkọ́. Màmá ní, “Ìwọ sọ ọ́. Ṣé o lè rán ọmọ tìrẹ lọ síbẹ̀?” Mo dákẹ́ díẹ̀. TP ni mò ń ṣe nígbà náà, ní ilé-ìwé ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ, kò jìnnà sí Jojú. Ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló wà ní kíláàsì kẹrin tí wọ́n fún mi. Bí tírélà bá ń kọjá, mo máa ń dúró kó kọjá kí n tó parí gbólóhùn. Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń sùn ní gbogbo àárọ̀, mo sì ti fẹ́ fìyà jẹ ẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sọ fún mi pé láti aago mẹ́rin ìdájí lòun àti ìyá rẹ̀ ti ń kó búrẹ́dì lọ sí gáréèjì. Olùkọ́ tó ni kíláàsì náà gan-an mọ orúkọ gbogbo wọn, gbogbo mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ẹ sọ fún mi, ilé-ìwé aládàáni wo ló ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀? Ohun tí mo sọ fún Màmá nìyẹn: pé olùkọ́ wà níbẹ̀, pé àyè ni kò sí.

Àbúrò mi lọ. Ní ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, wọ́n fún Bàbá ní ìwé kan: owó PTA, owó àga, owó ìwé ìdánwò, owó aṣọ eré ìdárayá, owó báàjì. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦31,500, kò sí rìsíìtì. Ọ̀fẹ́ ni o. Inú bí Bàbá, wọ́n fẹ́ fa ìwé náà ya. Olùkọ́ kan ló fà wọ́n sí kọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, nínú owó yẹn ni àwọn ti ń ra ṣọ́ọ̀kì, inú rẹ̀ ni àwọn ti ń sanwó fún ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà lóru. Bàbá san ìdajì. N kò mọ ẹni tí mo lè bínú sí nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú. Ní Cape Verde, bí ṣọ́ọ̀kì bá tán, òbí mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kó kàn.

Nígbà tí mo ka iṣẹ́ mi ní kíláàsì, ẹnì kan ní Cape Verde kéré, ohun kékeré kò ṣòro láti tún ṣe. Mo ní kó lọ wo máàpù. Erékùṣù mẹ́sàn-án lòkun pín níyà, ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ òfurufú ló ń gbé ìwé ìdánwò lọ. Tiwa, ọ̀kadà lè dé gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, bí kòtò ojú ọ̀nà Àtàn bá gbà fún un. Mi ò sì pe ibẹ̀ ní ọ̀run. Àwọn ọmọ ń fi girama sílẹ̀ níbẹ̀ náà. Títí di 2006, wọn kò ní yunifásítì ìjọba, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ń lọ, àwọn kan kì í sì padà. Àwọn èèyàn wọn kún Massachusetts bí àwa ṣe kún Peckham.

Àìsàn kan sì wà tó ń ṣe àwa àti àwọn. Kriolu ni gbogbo wọn ń sọ nílé, lọ́jà, lórí pápá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n Potogí ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Àwa náà mọ ọ̀nà yẹn. Láti 1970 ni Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Lọ́dún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí á máa fi èdè abínibí kọ́ wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fagi lé e. Mi ò ní sọ púpọ̀ ju ohun tí mo fojú ara mi rí lọ. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ kíláàsì kẹrin yẹn ní ìdá, ọmọ mẹ́ta ló nawọ́. Lọ́jọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá, mo ní ká gé búrẹ́dì kan sọ́nà mẹ́rin, kí ìyá oníbúrẹ́dì ta mẹ́ta. Ọwọ́ tó lọ sókè, mi ò lè kà á. Ọmọ Ègùn wà lára wọn, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Haúsá náà wà níbẹ̀, nítorí Yorùbá ni wọ́n jọ fi ń ṣeré ní Sàǹgó. Ọmọkùnrin tó máa ń sùn ló kọ́kọ́ dáhùn.

Àbúrò mi ti wà ní sáà kejì báyìí. Àwọn mẹ́ta ló ń jókòó lórí àga ẹni méjì, ó sì gbé ipò kẹta ní sáà àkọ́kọ́ nínú ọmọ tó lé ní àádọ́rin. Ohun tó ń kùn sí ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kì í mu omi ní gbogbo ọjọ́ kó má baà níṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tó kù náà kì í mu ún. Màmá kò sọ pé “ṣé mi ò wí”, ṣùgbọ́n wọ́n ń wò wá.

Wọ́n ti yan Bàbá sínú ìgbìmọ̀ àwọn òbí, bóyá nítorí pé àwọn ni kò níṣẹ́ tí wọ́n ń lọ láàárọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, àwọn márùn-ún máa gbé lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Ọ̀tà nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà. Èmi ni mo tẹ lẹ́tà náà. Mo fi ìpínrọ̀ kan sí i nípa Cape Verde, pẹ̀lú iye èèyàn wọn àti tiwa. Bàbá kà á, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní kí n yọ ọ́ kúrò, pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́rin ni àwọn ń lọ béèrè. Mo yọ ọ́. Mo wá gbé e wá síbí.