Ìbuwọ́lùwé Ọkọ Kì Í Ṣe Okùn Ọrùn Aya

   

Tọkọtaya ni àwa tí a kọ ìwé yìí. Joliet ni a ń gbé, ní nǹkan bí 40 máìlì sí Chicago. Àwọn àgbà ìjọ ni wọ́n ní kí a kọ ohun tí ojú wa rí sílẹ̀ nígbà tí a ń wá ìwé ìgbélùú àti ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún ọ̀kan nínú wa, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń so yìgì láàárín wa ń pọ̀ sí i. Ó pẹ́ kí a tó gbà. Ìdí ni pé bí a bá máa sọ ọ́, a gbọ́dọ̀ sọ èyí tó dójú tì wá mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a rò ó títí, a rí i pé ibi tó dójú tì wá gan-an ni ẹ̀kọ́ wà.

Oṣù kẹfà ọdún 2019 ni a so yìgì wa. Ọkọ nínú wa ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ṣáájú ìgbà náà, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó yí Joliet ká. Aya nínú wa wá láti Ìbàdàn láti kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde ní oṣù karùn-ún ni. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ wòlí rẹ̀, wà ní Ìbàdàn, nítorí náà ó fi àṣẹ rẹ̀ lé àgbàlagbà kan nínú ìjọ lọ́wọ́ pé kí ó dúró fún òun.

Lèmọ́mù tí a bá sọ̀rọ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní so yìgì náà àfi bí a bá kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì akọ̀wé Will County, tó wà ní Joliet níhìn-ín. Inú bí wa díẹ̀. A ní ṣé Ọlọ́hun kò mọ̀ wá láìsí ìwé ìjọba ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní āyà tó gùn jù lọ nínú Al-Kùránì, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí sí i ló dá lé lórí. Ó ní ẹ̀sìn tó kọ́ wa láti kọ gbèsè sílẹ̀ kò ní bínú bí a bá kọ ìgbéyàwó sílẹ̀. A lọ gba ìwé àṣẹ náà. Ní Illinois, ọjọ́ kejì tí a bá gbà á ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 60 ọjọ́ ló sì ń lò. Inú káúńtì tó fúnni nìkan ni a ti lè lò ó.

Lẹ́yìn èyí ni a wá mọ oore tí lèmọ́mù náà ṣe wá. A ti rí àwọn tí wọ́n so yìgì lórí fóònù, tí ọkọ wà ní Amẹ́ríkà, tí ìyàwó wà ní Nàìjíríà. Bí irú yìgì bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ tọ́ lójú àwọn àlùfáà wọn, òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà kò kà á sí ìgbéyàwó àfi bí àwọn méjèèjì bá pàdé lẹ́yìn yìgì náà, tí wọ́n sì bá ara wọn gbé gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya.

Ní ìparí oṣù keje ni a fi àwọn ìwé wa ránṣẹ́ sí àjọ USCIS. Fọ́ọ̀mù I-130 ni ọkọ fi sọ pé aya òun nìyí. I-485 ni aya fi tọrọ ìwé ìgbélùú, tí gbogbo wa ń pè ní gríìn káàdì. I-765 wà fún àṣẹ iṣẹ́, I-131 fún àṣẹ ìrìnàjò, I-693 sì ni èyí tí dókítà tí àjọ náà yàn ń kọ̀wé sí. Lọ́dún náà, 535 dọ́là ni owó I-130, 1,225 dọ́là sì ni ti I-485 pẹ̀lú ìtẹ̀ka, àwọn fọ́ọ̀mù iṣẹ́ àti ìrìnàjò sì wà nínú rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,760 dọ́là. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n ti gbé e ga. I-130 tí a fi ìwé kọ di 675 dọ́là, I-485 di 1,440, wọ́n sì ń gba 260 lọ́tọ̀ fún àṣẹ iṣẹ́. Owó wọ̀nyí máa ń yí padà, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé lónìí wo ohun tí àjọ náà gbé jáde lónìí.

Wọ́n tún béèrè ìwé ẹ̀rí ìbí. Ní ti ọmọ Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ka ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní National Population Commission, ni a ti ń gbà á. Bàbá aya wa fúnra rẹ̀ ló lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn, pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, tó jókòó títí wọ́n fi fún un. Ó fi ránṣẹ́ sí wa, ó sì fi fóònù sọ pé, "Ọmọ mi, ìwé tó ń jẹ́rìí pé èmi ni mo bí ọ nìyí o."

Fọ́ọ̀mù kan ṣẹ́ kù tí a kò tíì dárúkọ, òun sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa rọ̀ mọ́. I-864 ni, ìwé onígbọ̀wọ́. Ọkọ ni yóò buwọ́ lù ú pé owó tó ń wọlé fún òun kò dín ní ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún òdiwọ̀n ìṣẹ́ tí ìjọba là kalẹ̀. Fún ènìyàn méjì ní ọdún 2019, èyí jẹ́ 21,137 dọ́là lọ́dún. Ó ṣèlérí pé òun kò ní jẹ́ kí ìyà jẹ aya òun débi tí ìjọba yóò fi máa bọ́ ọ. Ìlérí náà kì í tú bí yìgì bá tú. Ó di ìgbà tí aya bá di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, tàbí tí ó bá ti ní iṣẹ́ tó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lákọsílẹ̀, tàbí tí ó bá fi ìlú sílẹ̀ pátápátá, tàbí tí ikú bá dé. A ka gbogbo rẹ̀, a buwọ́ lù ú, a kò sì tún ronú kàn án mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìdúró bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe aya wa fún ìtẹ̀ka ní oṣù kẹjọ, a kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àǹfààní iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tó gboyè lè tọrọ ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, nítorí pé ètò yìgì gbà wá lọ́kàn títí ọjọ́ fi kọjá. Ìlú iṣẹ́ sì ni Joliet. Ọ̀nà I-80 àti I-55 pàdé lẹ́bàá rẹ̀, ojúirin gba àárín rẹ̀ kọjá, ọkọ̀ àjàgbé kì í sinmi tọ̀sán tòru. Ìkéde "a ń gba òṣìṣẹ́" kún ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹni tó ní oyè nínú ìṣirò owó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, kò sì lè wọlé. Àwọn kan wá bá a pẹ̀lú iṣẹ́ ọlọ́wọ́-dé-ọwọ́ tí kò ní hàn sí ìjọba. A kọ̀ ọ́, nítorí pé òfin kò gbà á, àdéhùn sì ni òfin ìlú tí a wọ̀.

Ní oṣù Kejìlá, fóònù dún ní aago mẹ́ta òru. Bàbá ti jáde láyé. Kí ilẹ̀ tó ṣú ní Ìbàdàn, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n sì ti sin ín. Aya wa kò lè lọ bá wọn ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, nítorí pé ẹni tí I-485 rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, bí ó bá jáde ní Amẹ́ríkà láìní ìwé àṣẹ ìrìnàjò, wọn yóò kà á sí pé ó ti pa ìbéèrè rẹ̀ tì. Ojú fóònù ló ti wo àdúà náà. A kò mọ̀ nígbà náà pé ẹni tí òfò ṣẹ̀ lè lọ bẹ̀bẹ̀ fún ìwé ìrìnàjò pàjáwìrì ní ọ́fíìsì àjọ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ̀ ọ́n, kí ó má baà dùn yín bí ó ti dùn wá.

Oṣù Kìíní ọdún 2020 ni ìjà ṣẹlẹ̀. Aya wa fẹ́ kí a fi owó ránṣẹ́ fún fídáù ogójì ọjọ́. Ọkọ ní owó ilé kò tíì pé. Ọ̀rọ̀ ń bí ọ̀rọ̀, títí ọkọ fi sọ pé, "Ṣé o mọ̀ pé ìbuwọ́lùwé mi ló gbé ọ dúró ní ìlú yìí? Bí mo bá fà á yọ ńkọ́?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta, a ń kírun lẹ́yìn ara wa, a kò sì bá ara wa sọ̀rọ̀. Aya wa kó ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti ẹ̀rí ìbí tí Bàbá fi ránṣẹ́ sínú àpò kan, ó gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ìgbà tí ọkọ rí àpò náà ni ẹ̀rù bà á. Ó rí i pé ẹnì kejì òun ti ń sùn bí àlejò nínú ilé òun.

Ọ̀dọ̀ àgbàlagbà tó dúró fún wòlí ni a lọ. Ó gbọ́ tẹnu wa méjèèjì. Ó wá bi ọkọ léèrè pé, "Nígbà tí o ṣe onígbọ̀wọ́, ta ni o dè, ara rẹ ni tàbí ọmọ tí mo fà lé ọ lọ́wọ́?" Ọkọ kò lè dáhùn. Àgbà náà ní, "Nílé wa, onígbọ̀wọ́ ni gbèsè ń dè. Ìwé tí o buwọ́ lù yẹn, ìwọ ló so mọ́lẹ̀. Amánà ni wọ́n gbé fún ọ, o wá ń fi í na ẹni tó ni ín."

Ìyàwó rẹ̀, Àlhájà, kọjú sí aya wa ní tirẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ọkọ rẹ tọrọ àforíjì, gbà á bí ọkàn rẹ bá gbà á. Ṣùgbọ́n mọ èyí pẹ̀lú." Ó ṣàlàyé pé láti ọdún 1994 ni òfin Amẹ́ríkà ti fàyè gba ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ń fìyà jẹ láti kọ̀wé fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́ mọ̀ sí i. Ó ní, "Mi ò sọ ọ́ kí o lè lọ. Mo sọ ọ́ kí o lè dúró láìsí ìbẹ̀rù." Ọkọ wa jókòó níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lónìí, òun ló máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ Àlhájà ló tún yìgì wa so.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni a da gbogbo ìwé wa sórí tábìlì. A ṣe ẹ̀dà méjì méjì, olúkúlùkù mú tirẹ̀. Ìwé ìrìnnà kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. A sì fi owó fídáù ránṣẹ́.

Ní oṣù kejì, káàdì àṣẹ iṣẹ́ dé, àṣẹ ìrìnàjò sì wà lórí rẹ̀. Aya wa rí iṣẹ́ ìṣirò owó ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Kò pẹ́ tí kòrónà dé. Àjọ náà ti àwọn ọ́fíìsì rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti ọjọ́ 18 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n pè wá sí sì di ọjọ́ iwájú. Ní oṣù karùn-ún, àrùn náà mú ọkọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni kò fi lè ṣiṣẹ́. Owó oṣù aya ló san owó ilé, òun náà ló ra oògùn. Kò sọ gbólóhùn kan pé òun ló gbé ẹnikẹ́ni dúró.

Oṣù kẹwàá ni wọ́n tún wa pè. A wọ ọkọ̀ ojúirin Metra ní Joliet lọ sí LaSalle Street Station, a sì fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì àjọ náà ní Ida B. Wells Drive. A kó ìwé ilé tí orúkọ àwa méjèèjì wà lórí rẹ̀ dání, ìwé bánkì, ìwé owó orí, àti àwọn fọ́tò wa. Ọ̀gá tó fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wo ẹ̀rí ìbí láti Ìbàdàn, ó béèrè bóyá bàbá ṣì wà láàyè. Aya wa ní, "Rárá." Ọkọ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nítorí pé yìgì wa kò tíì pé ọdún méjì, káàdì ọdún méjì alábàá ni wọ́n fún aya wa, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1986 tó fẹ́ dènà ìgbéyàwó èké. Láàárín 90 ọjọ́ tó ṣáájú kí káàdì náà parí ní ọdún 2022, a jọ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù I-751 láti mú àbá náà kúrò. Bí yìgì bá ti tú, tàbí tí ìyà bá wà níbẹ̀, òfin gbà kí aya dá kọ ọ́. Ọlọ́hun kò jẹ́ kí tiwa rí bẹ́ẹ̀. Káàdì ọdún mẹ́wàá ti dé ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ fẹ́ so yìgì, ẹ gba ìwé ìjọba pẹ̀lú rẹ̀. Agbẹjọ́rò, tàbí àjọ tí ìjọba fún láṣẹ, ni kí ẹ bá gbìmọ̀, ẹ má fi tiyín lé ẹni tó kàn ń kọ fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Kí olúkúlùkù ní ẹ̀dà ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ, àti ẹ̀yin aya tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ìlú tí ọkọ yín sì jẹ́ àlejò, ẹ má ṣe fi ìbuwọ́lùwé dẹ́rù ba ẹni tí Ọlọ́hun fi ṣe aṣọ fún yín. Ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó bi wá léèrè nípa gbogbo amánà.

Kí Allāhu kẹ́ Bàbá wa, kí Ó fi Al-Jánnà ṣe ilé rẹ̀. Kí Ó dáàbò bo àwọn tó wà nínú ìdúró lónìí, kí Ó sì fi àánú sí àárín tọkọtaya wa gbogbo. Āmīn.