Ìwé Kú, Àṣẹ Kò Kú

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwàdà ni mo ka òwe yìí sí, nítorí èmi kò rí ohun ìyangàn kankan nínú àkísà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti di ẹni tí ń to ìwé ìjọba jọ sínú àpótí, kò ní pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé àkísà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkísà kan ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ: ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tí ìjọba ti gé igun rẹ̀, tí òmíràn sì ti gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n tí físà ilẹ̀ òkèèrè tí kò tíì tán ṣì wà nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà olójú-ewé 32 kì í lò ju ọdún 5 lọ. Láti ọdún 2019 ni àgbàlagbà ti lè gba olójú-ewé 64 tí ń lo ọdún 10. Ṣùgbọ́n físà ní ọjọ́ orí tirẹ̀, ìlú tí ó sì fún ni ní físà ni ó ń ka ọjọ́ náà, kì í ṣe ìlú tí ó tẹ ìwé. Bí Amẹ́ríkà bá fún ènìyàn ní físà ọdún 5 nígbà tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ ku ọdún kan, ìwé yóò kú, físà yóò sì wà láàyè nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún ìyá mi. Ní ọdún 2019 ni ó gba ìwé ìrìnnà olójú-ewé 32. Ní ọdún 2023, Amẹ́ríkà fún un ní físà ọdún 5 kí ó lè máa lọ wo àbúrò mi obìnrin tí ń gbé ní Houston. Ní ọdún 2024, ìwé náà kú. Ó gba olójú-ewé 64, nọ́ḿbà tuntun sì wà lára rẹ̀. Wọ́n gé igun ti àtijọ́, wọ́n sì dá a padà fún un. Ìyá mi fi rọ́bà so méjèèjì pọ̀, ó ní, "Ìyá àti ọmọ nìyí."

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, mo sìn ín lọ sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Ìrìn náà kì í ṣe ìrìn ìgbafẹ́. Àbúrò mi wà nínú oyún, àwọn dókítà sì ti dá ọjọ́ tí wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láti gbé ọmọ náà jáde. Ọjọ́ kẹrin sí ọjọ́ náà ni a wà. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú èyí, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ bí kò ṣe ìyá rẹ̀.

Nítorí ọjọ́ orí ìyá mi, wọ́n jẹ́ kí n bá a dé ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń gba ẹrù. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó jókòó níbẹ̀ ṣí ìwé tuntun, kò rí físà. Ó ṣí ti àtijọ́, ó rí físà, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà ìwé tí ó ti kú ni wọ́n tẹ̀ sí ara físà náà. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì mi orí.

"Ẹ má bínú, Mà. Ìwé yín yìí ti kú. Físà inú rẹ̀ ti bá a kú. Ẹ kò lè wọkọ̀ lónìí."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi gbé ọwọ́ lé mi lápá. Ó bi ọmọ náà pé, "Ọmọ mi, ta ló gé ìwé yìí?"

"Ìjọba Nàìjíríà ni, Mà."

"Ta ló fún mi ní físà?"

"Amẹ́ríkà ni, Mà."

"Ó dára. Nàìjíríà ti gé ohun tirẹ̀. Ṣé Amẹ́ríkà ti gé tirẹ̀?"

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà kò fèsì. Àwọn tí wọ́n tò sẹ́yìn wa ti ń kùn, èmi sì ń wo aago ara ògiri. Kí n má parọ́, ẹ̀rù ọmọ náà kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Bí ọkọ̀ òfurufú bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé dé Amẹ́ríkà, owó ìtanràn tí ó gọntiọ ni wọn yóò bù fún ẹni tí ó ni ọkọ̀, òun náà ni yóò sì gbé ẹni ọ̀hún padà sílé. Ẹni tí ó bá jókòó nídìí irú tábìlì bẹ́ẹ̀, kíkọ̀ ni yóò máa rò pé ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù.

Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ pe ọ̀gá rẹ̀, ọkùnrin kan tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Ọ̀gá náà kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó fi ìka tẹ ojú ewé físà náà: kò ya, kò lu, igun tí wọ́n gé kò kàn án. Ó fi orúkọ inú ìwé kan wé ti èkejì: wọ́n bára mu. Ó wo ọjọ́ tí físà yóò tán: ọdún 2028. Ó wá ka òfin tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, ó sì sọ fún ọmọbìnrin náà pé, "Kí wọ́n mú méjèèjì dání. Fún wọn ní ìwé ìwọkọ̀."

Ìyá mi gba ìwé ìwọkọ̀ rẹ̀, ó yíjú sí ọ̀dọ́mọbìnrin náà, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Iṣẹ́ rẹ lo ṣe." Ní ọjọ́ kejì ó fi tẹlifóònù sọ fún mi pé oníbodè Houston ṣí ìwé méjèèjì, ó ní kí òun tẹ ìka, ó sì béèrè ohun tí òun wá ṣe. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ bímọ, ó ní kí òun bá òun kí i. Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ gbé ọmọ náà lẹ́yìn àwọn nọ́ọ̀sì.

Ohun tí òfin Amẹ́ríkà wí lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lọ́jú. Bí físà kò bá tíì tán, tí kò bàjẹ́, tí ó sì bá ohun tí ènìyàn ń lọ ṣe mu, kí ó mú ìwé àtijọ́ àti tuntun dání. Ìlú kan náà ni kí ó tẹ méjèèjì, irú kan náà ni kí wọ́n sì jẹ́. Oníbodè lè kọ VIOPP sínú ìwé tuntun, ìyẹn ni pé físà wà nínú ìwé mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí físà kúrò nínú ti àtijọ́ kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tuntun: ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Bí ìwé àtijọ́ bá sì sọnù, físà bá a lọ nìyẹn. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ nù yóò tún béèrè òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Ní ayé ìlú olódi, oníbodè a máa yẹ àlejò wò. Ìkọ̀ tí ọba rán kì í mú ìwé dání: àrokò ni ó ń gbé, owó ẹyọ tí a fi okùn so, tàbí ìyẹ́, tàbí ohun mìíràn tí ẹni tí a rán an sí mọ̀ ọ́n kà. Bí àpò tí ó fi gbé àrokò bá ya lójú ọ̀nà, tí ó sì yá àpò mìíràn, ta ni yóò sọ pé iṣẹ́ ọba ti di òfo? Àpò kọ́ ni ó rán an. Ìwé ìrìnnà ni àpò, físà ni àrokò. Ẹni tí ó rán àrokò nìkan ni ó lè pè é padà.

Ó lè pè é padà, kò sí iyè méjì. Ṣùgbọ́n bí kò bá pè é, ó wà. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀pọ̀ físà tí òun yóò fún àwọn ọmọ Nàìjíríà láti ọjọ́ náà yóò jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín oṣù 3. Nínú ìkéde náà ni wọ́n ti sọ pé èyí tí wọ́n ti fún ni ṣáájú kò yí padà. Ẹ wo bí ìwé tí wọ́n gé igun rẹ̀ ti ṣe di ohun iyebíye ní ọjọ́ kan ṣoṣo! Mo mọ àwọn tí wọ́n ti sun tiwọn nínú pàǹtírí ọdún tuntun.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àṣẹ ti ń fi ìwé sílẹ̀ lọ. Káàdì ìgbélùú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń mú dání tẹ́lẹ̀ dópin ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2024, físà inú kọ̀ǹpútà ni ó rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀ rọ́bà ìyá mi ṣì ní iṣẹ́ níbẹ̀: ẹni tí ó bá gba ìwé ìrìnnà tuntun gbọdọ̀ fi nọ́ḿbà rẹ̀ kún àkọọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ó tó rìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè há sí ìdí tábìlì bí ìyá mi ti fẹ́ há. Gbogbo ìlú kọ́ ni òfin wọn dọ́gba, nítorí náà kí ènìyàn béèrè lọ́wọ́ ìlú tí ó ń lọ kí ó tó san owó ọkọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra àtilọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i lókè òkun, ẹ tọ́jú àkísà yín. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnìkan yóò fi igun tí wọ́n gé hàn yín, tí yóò sì ní ohun gbogbo ti parí. Ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ kàn bi í léèrè ohun tí ìyá mi béèrè: ta ni ó fún mi, ṣé òun náà sì ti gbà á padà?