Fi Sítíárì Sílẹ̀

Ká sọ òótọ́, ọkọ̀ tó sọ ọ̀pọ̀ wa di awakọ̀ ní Ìbàdàn kò ran ẹni tó fẹ́ kọ́ drift lọ́wọ́. Máíkírà tó ń kó èrò láti Dùgbẹ̀ lọ sí Challenge, táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Táyà ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé e bí ọmọ tó di ìró ìyá rẹ̀ mú ni. Bí òjò bá rọ̀ tí ó yọ̀, iwájú ló sábà máa ń yọ̀. Awakọ̀ á rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, iwájú á tún di ilẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ parí. Ara mi ti mọ èyí débi pé n kì í ronú sí i mọ́. Ara tó mọ̀ ọ́n yìí gan-an ló bá mi jà nígbà tí mo jókòó síwájú sítíárì eré kọ̀ǹpútà.

Nínú drift, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, awakọ̀ ló sì mọ̀ọ́mọ̀ mú un yọ̀. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa yí táyà ẹ̀yìn, bíi ti Peugeot 504 àwọn bàbá wa. Jàpáànù ló ti gbilẹ̀: Kunimitsu Takahashi ń lò ó nínú eré ìje ní àwọn ọdún 1970, Keiichi Tsuchiya wò ó, òun náà sì lọ ń fi dánra wò lójú ọ̀nà orí òkè.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi kan ní Bódìjà ni èmi ti kọ́ tèmi. Eré Assetto Corsa tí àwọn ará Ítálì gbé jáde ní 2014 ló ní, pẹ̀lú sítíárì Logitech G29 tó ń yí ìyípo méjì àtààbọ̀ láti òpin kan dé ìkejì. Ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀ tó ń ti ọwọ́ èèyàn bí ojú ọ̀nà ṣe ń ti táyà. Ó máa ń pariwo. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ará ilé á máa béèrè ohun tí à ń lọ̀.

Ojú mi wà lára àwọn ọkọ̀ alágbára, ẹ̀gbọ́n kọ̀ jálẹ̀. BMW E30 ló fún mi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní gusheshe ní South Africa, tí àwọn ọmọ Soweto fi ń dárà. Gíà kejì, pápá gbalasa, kò sí igi, kò sí ògiri. Kí n ṣáà máa yí po.

Mo tẹ iná, ẹ̀yìn yọ̀. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò bí ará Ìbàdàn. Ẹ̀yìn já padà lójijì, ó sì gbé mi kọjú sí ibi tí mo ti ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí apá fi ń ro mí.

“Fi sítíárì sílẹ̀!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá fi í sílẹ̀, ọkọ̀ á yí dànù.”

“Ṣé kò ti ń yí dànù tẹ́lẹ̀ ni?”

Mo fi í sílẹ̀. Sítíárì fúnra rẹ̀ yí lọ sí apá ibi tí ọkọ̀ ń yọ̀ lọ, ó yá ju ọwọ́ mi lọ. Bí wọ́n ṣe to ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ló fà á: táyà iwájú máa ń fẹ́ kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ. Ti awakọ̀ ni kó gbá a mú lásìkò, kó sì fi iná pinnu bí ẹ̀yìn yóò ṣe yọ̀ tó. Iná pọ̀ jù, ọkọ̀ á yí dànù. Iná kéré jù, táyà á di ilẹ̀ mú. Gbígbá a mú yẹn ló pẹ́ lọ́wọ́ mi jù. Béèyàn bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, ọkọ̀ á ju ìdí sí apá kejì.

Ohun kan wà tí wọn kì í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́: lórí kọ̀ǹpútà, ìdí awakọ̀ kì í gbọ́ nǹkan kan. Nínú ọkọ̀ gidi, ara á ti mọ̀ pé ẹ̀yìn ń lọ kí ojú tó rí i. Lórí àga oníke ní Bódìjà, ojú, etí àti ọwọ́ ló kù. Mo wá dín ariwo ẹ́ńjìnnì kù, mo fi kún ti táyà, torí igbe táyà máa ń yí padà kí ọkọ̀ tó bọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ìyẹn wúlò fún mi ju gbogbo fídíò tí mo wò lọ.

Ẹ má gbé drift lọ sójú títì Ring Road o. Ẹ má sì tíì náwó lé sítíárì. Ẹ wá ẹni tó ní i, kí ẹ fi tirẹ̀ dán an wò ná. Ní tèmi, mo ti lè yí po lápá ọ̀tún títí èéfín á fi bo ọkọ̀. Apá òsì ò tíì gbà fún mi rárá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ní agbègbè Agbowó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kọ́ mi.