Àwòrán Láìsí Màlúù

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ti bi mí léèrè pé kí ni àwọn ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò ń wá lọ sí ilẹ̀ Tanzania, nígbà tí erin wà ní Yankari ní ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ìbéèrè náà kò burú, pàápàá lẹ́nu ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ òfuurufú. Èmi tí mo bá mẹ́sàn-án nínú wọn lọ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó yóò ròyìn ohun tí mo rí.

Láti ìlú Arusha ni a ti wọ ọkọ̀, a sì gòkè lọ sí etí Ngorongoro. Òkè tí ń yọ iná ni ibẹ̀ jẹ́ nígbà láéláé, kí orí rẹ̀ tó wó sínú ara rẹ̀. Kòtò tí ó kù jìn tó 600 mítà, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ tó 260 kìlómítà onígun mẹ́rin. Erin, ẹfọ̀n, kìnnìún àti àgbáǹréré dúdú wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni pápá Serengeti, níbi tí ẹranko tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní nyumbu ti ń tẹ̀lé òjò kiri lọ́dọọdún. Orí rẹ̀ jọ ti màlúù, ìrù rẹ̀ jọ ti ẹṣin, iye wọn sì lé ní mílíọ̀nù kan. Oṣù kejì ọdún ni a débẹ̀, nígbà tí wọ́n ń bímọ. Kò pẹ́ tí a bí ọmọ rẹ̀ tí yóò fi dìde, tí yóò sì máa sá tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Inú ọkọ̀ ni a ti ń ya àwòrán, láti òrùlé tí a ṣí, awakọ̀ a sì pa ẹ́ńjìnnì, nítorí bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, àwòrán kì í mọ́.

Kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn, ohun tí ó gbà mí lọ́kàn jù ṣẹlẹ̀ nígbà tí a padà sí ilẹ̀ òkè Ngorongoro. Níbẹ̀ ni màlúù àwọn Másáì àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ti ń jẹko pọ̀ lójú kan. Àwọn ọmọ wa gbé ẹ̀rọ sójú, wọn kò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń dúró kí màlúù kúrò! Wọ́n ní fọ́tò tí màlúù bá wà nínú rẹ̀ kò jọ ti inú ìwé. Bàbá Másáì tí ń fọ̀nà hàn wá rẹ́rìn-ín, ó sì ro ìtàn fún wa.

Ní Serengeti ni àwọn bàbá rẹ̀ ti ń da ẹran. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ibẹ̀ di ọgbà ẹranko ní ọdún 1951. Nígbà tí ó di 1959, wọ́n kó àwọn Másáì kúrò níbẹ̀, wọ́n sì ya Ngorongoro sọ́tọ̀ kí ènìyàn àti ẹranko lè jọ máa gbé ibẹ̀. Síbẹ̀, ní 2022 ìjọba Tanzania tún bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ìdílé láti Ngorongoro lọ sí Msomera, ní agbègbè Handeni. Ìjọba ní ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn ti pọ̀ jù fún ilẹ̀ náà, àti pé tinútinú ni wọ́n fi ń lọ. Ọ̀pọ̀ Másáì sì ní ńṣe ni a há àwọn mọ́ kí àwọn lè lọ. Èmi kì í ṣe adájọ́ wọn. Ṣùgbọ́n pápá tí ó ṣófo nínú fọ́tò wa, ọwọ́ ènìyàn ni ó sọ ọ́ di òfìfo, ó sì yẹ kí ẹni tí ń ya á mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì a dé agbo ilé kan tí ọgbà ẹ̀gún yí ká. Àwọn obìnrin ni ó ń kọ́ ilé níbẹ̀. Igi, amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Àwọn ọmọdé wá, wọ́n tẹrí ba níwájú wa, wọ́n ń retí kí a fi ọwọ́ kan orí wọn, nítorí bí ọmọ ti ń kí àgbà láàárín wọn nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa kúnlẹ̀ fún ìyá arúgbó kan gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé, ìyá náà sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Lẹ́yìn èyí ni ó tó tọrọ àyè láti ya á ní fọ́tò. Ìyá gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní dá dúró. Ó rán ọmọkùnrin kan lọ mú abo màlúù òun wá láti pápá. Àwọn ọmọ wa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jókòó sórí koríko, wọ́n ń dúró de màlúù.