Onírùuná

Ẹja kékeré kan ni mo sìn nínú ilé mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Nemateleotris magnifica ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ìran rẹ̀ ti wá, kì í sì í gùn ju sẹ̀ǹtímítà 9 lọ. Iwájú rẹ̀ funfun, apá ìrù rẹ̀ pọ́n bí iná. Nítorí pé kò ní orúkọ Yorùbá, èmi àti ọmọbìnrin mi so oní, ìrù àti iná pọ̀, a sì pè é ní Onírùuná.

Inú àpótí onígíláàsì ni ó ń gbé, nínú omi tí mo po iyọ̀ mọ́, bíi gíráàmù 35 sí lítà kan. Kì í bá irú ẹja mìíràn jà. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò sá wọ ihò òkúta, tàbí kí ó fò sókè. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ fi ìdérí bo àpótí náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí ìdérí láti nu gíláàsì. Mo rántí ìwé ìdánwò tí n kò tíì máàkì, mo sì gbàgbé ìdérí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí kápẹ́ẹ̀tì ni a ti bá Onírùuná, ó ti gan.

Ọmọ mi béèrè pé, "Dádì, ta ló lé e?"

Kò sí ẹni tí ó lé e. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ikú.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. A ti ta àwọ̀n bo orí àpótí náà báyìí. Ọmọ mi ní bí a bá ra òmíràn, orúkọ tuntun ni kí a fún un, nítorí pé Onírùuná ní ẹni tí ó ni ín. N kò bá a jiyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin irú ẹja bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìdérí kí ẹ tó sùn.