Adìẹ Ń Làágùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí á mọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìsinmi ọdún tó kọjá ni òwe yìí tó yé mi.

Mo lọ kí ìyá mi àgbà ní Ibeshe, lẹ́bàá ọ̀sà, nítòsí Ìkòròdú. Àgbébọ̀ rẹ̀ kan ń sàba lórí ẹyin mẹ́wàá. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní mo lè ṣe ju adìẹ lọ. Mo tọrọ ẹyin méjìlá tí ìyá fẹ́ tà, mo tò wọ́n sínú àpótí páànù, mo sì gbé àtùpà sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá bi mí pé, “Àkànní, ta ni yóò máa dìde lórí ẹyin fún ọ?” Mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbẹ́ àpótí ni mo fi òṣùwọ̀n ooru sí. Ó ń fi 37.5 hàn ní ìwọ̀n Celsius, ọkàn mi sì balẹ̀. N kò mọ̀ pé àárín, lókè àtùpà, gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kọkànlélógún, àgbébọ̀ ìyá pa ọmọ mẹ́jọ. Mẹ́ta péré ló jáde nínú tèmi, ọ̀kan sì ń yí òòyì lójú kan. Mo fọ́ àwọn ẹyin tó kù. Mo rí ọmọ kan tí ọpọlọ rẹ̀ wà níta, tí agbárí kò bò ó.

Ìwé ló là mí lóye. Kí ẹyin tó lo ọjọ́ méjì lábẹ́ adìẹ, ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni yóò ká jọ, tí etí rẹ̀ méjèèjì yóò pàdé, tí yóò di oníhò bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Orí rẹ̀ yóò wá wú sí ọ̀nà mẹ́ta: ọpọlọ iwájú, ti àárín àti ti ẹ̀yìn. Bí ooru bá pọ̀ jù lásìkò náà, etí yẹn lè má pàdé. Alsop ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1919. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tún fi hàn pé ooru ìsàba ń ní ipa lórí ìwà ọmọ pẹ́pẹ́yẹ igbó.

Àgbébọ̀ a máa fi ẹnu yí ẹyin, a sì máa dìde lọ jẹun kí ẹyin fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀. Òtútù ráńpẹ́ kì í pa ẹyin. Àpọ̀jù ooru ló ń bà á jẹ́. Ohun tí ìyá bi mí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, èyí tó ń yí òòyì kú. Ìyá kò bú mi. Ó ní kí n sin ín sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí n sì wá jókòó ti àgbébọ̀ òun. Mo jókòó.